Àgbo, àdúrà àti kímò: Ìbéèrè àwọn òbí tí ọmọ wọn ń ṣàìsàn líle ní Ifẹ̀ àti Iléṣà

Òbí, ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n àti alágbàtọ́ ọmọ tó ń ṣe àìsàn tó le ni mo kọ èyí fún: jẹjẹrẹ, fòníkú-fọ̀ladìde (SS), àrùn kíndìnrín, wárápá àti irú wọn. Kímò tí ẹ ó máa rí níbí ni òògùn líle tí a fi ń pa jẹjẹrẹ. Nọ́ọ̀sì ọmọdé ni mí, àárín Ifẹ̀ àti Iléṣà sì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni àwọn òbí máa ń bi mí ní kọ̀rọ̀ nígbà tí dókítà bá ti kúrò nídìí bẹ́ẹ̀dì. Ìdáhùn tí mo kọ síbí kò lè rọ́pò ti dókítà tó mọ ọmọ yín, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ máa bi í.

Tí mo bá jẹ́wọ́ pé mo ti fún ọmọ ní àgbo, ṣé ẹ ò ní pariwo mọ́ mi?

A ò gbọ́dọ̀ pariwo mọ́ yín. Tí òṣìṣẹ́ kan bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí ẹ̀ panu mọ́. Ẹ wá ẹlòmíràn tí ara yín balẹ̀ sí, kí ẹ sọ fún un. Gbogbo ìyá tí mo rí tó ń wá àgbo kiri, ìfẹ́ ọmọ ló ń lé e.

Ìdí tí a fi ń bèèrè ni pé òògùn ni àgbo. Ẹ̀dọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí pẹ̀rásítámọ̀ náà ló ń ṣiṣẹ́ lórí ewé àti egbò. Ká ní ojú ọmọ tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ dédé pọ́n bíi ti ẹni tó ní ibà pọ́njú. Dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá òògùn tòun ló fà á, bóyá àìsàn náà ló dé ẹ̀dọ̀, àbí àgbo ni. Tí kò bá gbọ́ nípa àgbo, ó lè dá òògùn tó ń ṣiṣẹ́ dúró, nígbà tí èyí tó ń fa wàhálà ṣì wà nínú ìgò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ gbé ìgò náà wá. Ẹ kó ewé tàbí egbò rẹ̀ sínú ọ̀rá kan wá pẹ̀lú. Ẹ sọ ohun tí wọ́n fi rẹ ẹ́: omi lásán ni, omidùn ni, àbí ọtí? Ẹ sọ bí ọmọ ṣe ń mu ún, ṣé ṣíbí kan ni, ìdérí ìgò ni, àbí ife, àti ìgbà tó mu ún kẹ́yìn. Tí ẹ kò bá mọ orúkọ ewé náà, ẹ pe ẹni tó tà á lórí fóònù níwájú wa. Mo ti bá àwọn ẹlẹ́wé ọmọ sọ̀rọ̀ báyìí rí, ọ̀pọ̀ wọn ló sì dárúkọ ohun tó wà nínú àgbo wọn láìjanpata. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kọjá yín rárá, torí àwọn nǹkan kan bí áyù àti atalẹ̀ tó bá pọ̀ lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dá.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ rántí gbogbo ohun tó ti mu?

Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọ́. Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní Imẹ̀sí-Ilé, ní àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley tó wá láti ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà bẹ̀rẹ̀ ilé ìtọ́jú fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ọwọ́ ìyá ọmọ ló sì fi káàdì ìwọ̀n ọmọ sí láti máa gbé e lọ gbé e bọ̀. Káàdì náà kárí ayé lẹ́yìn ìgbà náà. Ìyá ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé, òun ló sì yẹ kí àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ òògùn dókítà, ẹ kọ àgbo, ẹ kọ omi àdúrà, ẹ kọ fítámì tí àǹtí fi ránṣẹ́ láti Èkó.

Ẹlẹ́wé ọmọ tó wà ní ọjà Atakúnmọ́sà ti ń ta àgbo láti ìgbà ìyá mi. Ṣé irọ́ ló ń pa ni?

Kò parọ́. Àwọn ìyá yìí mọ ewé, ìmọ̀ wọn kì í sì í ṣe ohun àbùkù. Ní Ifẹ̀ níbí, nínú àwọn ọdún 1970, àwọn olùwádìí ní yunifásítì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Abayomi Sofowora wà lára wọn, yẹ egbò orin àtà wò, igi kan náà tí àwọn àgbà fi ń rẹnu láàárọ̀. Wọ́n rí i pé omi egbò náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ SS tó ti tẹ̀ bíi dòjé padà sípò nínú ìgò àyẹ̀wò.

Lẹ́yìn ìyẹn, NIPRD, ilé-iṣẹ́ ìwádìí òògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Abuja, gba àgbo fòníkú-fọ̀ladìde kan lọ́wọ́ oníṣègùn ìbílẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì sọ ọ́ di òògùn tí wọ́n pè ní Niprisan. Ohun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára ènìyàn 82, ó dín ìrora líle kù láàárín oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n kò fi kún ẹ̀jẹ̀ wọn, kò sì dá àwọn ewu ńlá mìíràn tí àìsàn náà ń fà dúró.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó lè sọ ìyẹn. Wọ́n wọn ohun mẹ́rin náà ní ìwọ̀n kan náà nígbà gbogbo, wọ́n dán an wò lára ẹranko, wọ́n fún àwọn kan ní Niprisan, wọ́n fún àwọn kan ní ohun tó jọ ọ́ tí kò ní òògùn nínú, wọ́n sì ka iye ìgbà tí ìrora dé. Àgbo inú ìgò tó wà ní ọjà kò la ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó sè é kò lè sọ bóyá tọ̀sẹ̀ yìí lágbára ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ, torí ewé àsìkò òjò àti ti ọ̀gbẹlẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ yìí gan-an, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ọmọ tí àìsàn ti mú mọ́lẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára rẹ̀.

Wọ́n ní inú ewé ni wọ́n ti mú òògùn jẹjẹrẹ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a ò lè se ewé náà nílé?

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Òdòdó kan wà, aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí funfun, tí àwọn ènìyàn ń gbìn síwájú ilé torí ẹwà rẹ̀. Catharanthus roseus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Inú ewé rẹ̀ ni vincristine ti wá, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1963. Títí dòní, ó wà lára òògùn tí a fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé, jẹjẹrẹ Burkitt àti jẹjẹrẹ kíndìnrín.

Àmọ́ ìwọ̀n tí à ń fún ọmọ kì í kọjá mílígíráàmù 2 lẹ́ẹ̀kan, bó ti wù kí ọmọ náà ga tó. Tó bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, á ba iṣan jẹ́, ẹsẹ̀ ọmọ á máa rọ, ikùn rẹ̀ á dí. Kí a tó fún ọmọ kan, a ó wọn gíga rẹ̀, a ó wọn ìwúwo rẹ̀, a ó ṣírò méjèèjì pọ̀, ẹnì kejì á sì tún un ṣírò kó tó wọ iṣan. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fi ìkòkò orí iná ṣe ìyẹn. Ewé náà gan-an ní májèlé mìíràn nínú, yàtọ̀ sí vincristine. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sè é fún ọmọ.

Ọmọ mi ń gba kímò. Àgbo wo ni kò léwu?

Nínú èyí tí wọ́n ń mu, kò sí èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín. Kímò máa ń dín àwọn ọmọ ogun ara kù nínú ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò tí kò ní ṣe ọmọ mìíràn ní nǹkan kan lè gbé ọmọ yìí ṣubú láàárín wákàtí díẹ̀. Àgbo tí a rẹ sínú omi tútù tàbí omidùn fún ọjọ́ mẹ́ta, tí a ń dé tí a ń ṣí, inú rẹ̀ kún fún kòkòrò bí a tilẹ̀ fọ ewé náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín tó ń ṣe wàhálà láti kó kímò jáde kò yẹ kí a tún di ẹrù mìíràn lé lórí.

Òògùn mìíràn tún wà tó ń ta ko kímò tí ẹnikẹ́ni kì í fura sí. Ọ̀pọ̀ òògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń tà ní ìgò ní fítámì tí wọ́n ń pè ní folic acid nínú. Ọ̀nà tí methotrexate, ọ̀kan lára òògùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, fi ń ṣiṣẹ́ ni pé ó ń dí ọ̀nà mọ́ folic acid kí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ má bàa rí i lò. Ẹni tó ra òògùn ẹ̀jẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láìbi dókítà lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ohun tí kímò dì. Nítorí náà, fítámì náà wà lára ohun tí ẹ máa fi hàn wá.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: tí ara ọmọ tó ń gba kímò bá gbóná dé 38 lórí ohun tí a fi ń wọn ìgbóná ara, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e wá, àní wákàtí yẹn. Ẹ má ṣe se àgbo ibà. Ẹ má ṣe lo pẹ̀rásítámọ̀ kí ẹ máa wò ó di àárọ̀. Ní tèmi, kò sí gbólóhùn kan nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí tó ṣe pàtàkì ju èyí lọ fún òbí ọmọ oníkímò.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi wú. Ìyá mi ní eyín ni, pé kí n fi ewé dì í fún ọ̀sẹ̀ méjì ná.

Ẹ má dúró ọ̀sẹ̀ méjì. Jẹjẹrẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Burkitt. Dókítà Denis Burkitt ló ròyìn rẹ̀ láti Uganda ní 1958, ilẹ̀ Áfíríkà tí ibà ẹ̀fọn ti pọ̀ ló sì ti wọ́pọ̀ jù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ikùn ló sábà máa ń wú. Eyín á máa mì láìtó àsìkò, ẹran ìdí eyín á máa ga, ojú kan lè máa yọ síta. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì láàárín wákàtí 24 sí 48. Wíwú tó tó ẹyin adìyẹ lọ́jọ́ Ajé lè ti bo ojú ọmọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Bí ó sì ṣe ń yára dàgbà náà ló ṣe ń tètè gbọ́ òògùn. Nínú gbogbo jẹjẹrẹ ọmọdé tí mo mọ̀, díẹ̀ ló ń yára lọlẹ̀ tó èyí. Mo ti rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú débi pé ẹnu ọmọ ò lè pa dé, tó sì fà sẹ́yìn láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn òògùn àkọ́kọ́, tí ọmọ náà ń bèèrè ẹ̀wà. Ibi tó ti ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fa eyín fún, tí wọ́n fi ewé gbígbóná dì fún, tí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, kí wọ́n tó gbé e wá nígbà tí ó ti wọ ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí ọpọlọ.

Ohun kejì tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé tí wíwú náà bá ti lọ lẹ́yìn kímò àkọ́kọ́, àwọn òbí á ní ó ti yá, wọ́n á gbé ọmọ lọ ilé láti lọ fi àgbo parí rẹ̀. Kò tíì yá. Èyí tó ṣẹ́ kù kò ṣe é fojú rí ni, tó bá sì padà dé, ó máa ń ṣòro ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí dókítà fúnra rẹ̀ sọ pé ó parí.

Ikùn ọmọ wú ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìyá àgbà sì ń fi òrí wọ́ ọ.

Ẹ dá a dúró lónìí. Tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ kíndìnrín ni, títẹ̀ ẹ́ lè bẹ́ ẹ sínú ikùn, á sì tàn ká. Nílé ìwòsàn pàápàá, a máa ń kọ ọ́ sára bẹ́ẹ̀dì pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ tẹ ikùn ọmọ náà láìnídìí.

Àárín ojú ọmọ mi ń tàn funfun bí ojú ológbò lálẹ́.

Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ojú, tó máa ń mú ọmọ kékeré. Ẹ má kán oje ewé, ọmú tàbí ìtọ̀ sí i. Tí ẹ bá tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, ẹ̀mí ọmọ á là, nígbà míì ojú náà á là pẹ̀lú.

Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi jẹ́ SS. Ṣé kò sí àgbo tó lè wẹ̀ ẹ́ mọ́?

Kò sí àgbo, kò sí àdúrà orí òkè, kò sí tíì láti ilẹ̀ òkèèrè tó ń sọ SS di AA. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, owó yín ló ń wò. Pípààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun lè wo àìsàn náà sàn fún àwọn kan, ó sì wọ́n gan-an.

Ṣùgbọ́n ọmọ SS lè dàgbà, kó lọ ilé-ìwé, kó bímọ. Àwọn àgbà wa kò ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n rí i pé ọmọ kan ń kú, èyí tó tẹ̀ lé e náà ń kú, wọ́n ní àbíkú ni, wọ́n ń kọ wọ́n nílà kí wọ́n lè dá wọn mọ̀ tí wọ́n bá padà wá. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìṣègùn gbà lónìí pé fòníkú-fọ̀ladìde ló pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà. Ó ń dùn mí tí mo bá rí ìyá tí wọ́n ń pe ọmọ rẹ̀ ní àbíkú síbẹ̀, tí òun àti ọkọ rẹ̀ kò sì tíì ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ohun tó ń dáàbò bò ó ni folic acid (fún ọmọ SS, òògùn yìí dára), òògùn tí kì í jẹ́ kí ibà ẹ̀fọn mú un bíi Paludrine, penisílìnì lójoojúmọ́ títí tí ó fi pé ọdún márùn-ún, abẹ́rẹ́ àjẹsára, omi mímu púpọ̀, àti hydroxyurea (òògùn tó ń dín ìrora SS kù) fún èyí tí dókítà bá rí i pé ó yẹ fún, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lóòrèkóòrè. Àgbo tí mo ń bẹ̀rù jù fún ọmọ SS ni àgbo jẹ̀díjẹ̀dí àti gbogbo èyí tó ń múni yàgbẹ́. Tí ọmọ bá yàgbẹ́ gbuuru, omi ara rẹ̀ á gbẹ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ki, eegun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Tí kíráísìsì, ìyẹn ìrora líle náà, bá dé, aṣọ tí a rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé ibi tó ń dùn ún dára. Omi tútù kò dára fún un rárá.

Gìrì mú ọmọ mi. Ará ilé ní kí n fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù.

Ẹ má fún un. Mo mọ̀ pé ìjayà ló ń jẹ́ kí ènìyàn fi ohunkóhun sí ọmọ lẹ́nu, torí bí ojú ọmọ ṣe ń yí sókè tí ọwọ́ rẹ̀ ń gan, kò sí ìyá tó lè jókòó wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú àgbo náà: ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, àlùbọ́sà, áyù, efinrin. Oró inú tábà nìkan tó láti mú kí èémí ọmọ kékeré fà sẹ́yìn, kó sì tún fa gìrì mìíràn. Àpapọ̀ rẹ̀ máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ débi tí ọpọlọ kò fi ní rí oúnjẹ jẹ. Ọmọ tí ibà lásán ló gbé gìrì wá fún, tí ì bá jí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á wá sùn lọ, kò ní lè jí, wọ́n á gbé e dé ọ̀dọ̀ wa láìmọ ẹni tó ń pè é. Gbogbo òṣìṣẹ́ ọmọdé ní agbègbè yìí ló mọ òórùn àgbo náà tí wọ́n bá ti gbé ọmọ wọlé.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí itọ́ lè máa ṣàn jáde. Ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀. Ẹ má ki ṣíbí, ìka tàbí àdí sí i lẹ́nu. Ẹ má ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọná, ẹ má fi ata sí i lójú. Ẹ wo aago. Tó bá lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tí òmíràn tẹ̀ lé e kí ọmọ tó mọ ara rẹ̀, ẹ máa bọ̀. Bí ó bá dáwọ́ dúró kíákíá náà, ẹ gbé e wá lọ́jọ́ yẹn ká yẹ ibà àti ọrùn rẹ̀ wò.

Ti wárápá yàtọ̀ díẹ̀: òògùn ojoojúmọ́ ni, tí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ dá a dúró lójijì kí àgbo lè ríbi ṣiṣẹ́, gìrì tó máa tẹ̀ lé e lè má dáwọ́ dúró.

Gbẹ́rẹ́ ńkọ́? Kì í ṣe pé ọmọ ń mu nǹkan kan.

Nínú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì máa ń dín kù. Ojú gbẹ́rẹ́ kékeré lè ṣẹ̀jẹ̀ títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Abẹ tí wọ́n fi sín i fún ẹlòmíràn lè gbé kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ (hepatitis) tàbí HIV wá, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ra á lè ní kòkòrò àrùn ipá (tetanus) nínú. Rárá ni o.

Èyí tí mo rà ní nọ́ńbà NAFDAC lára.

Ẹ wo nọ́ńbà náà dáadáa. Tí ó bá parí pẹ̀lú lẹ́tà L, ohun tí NAFDAC kàn fi sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó mọ́, bóyá kò ní májèlé tó hàn gbangba. Wọn kò jẹ́rìí pé ó ń wo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sàn. Ẹ ka ẹ̀gbẹ́ páálí: ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ wẹ́wẹ́ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ wò. Ibi tí wọ́n kọ àìsàn ogún sí pé ó ń wò ó sàn ni lẹ́tà ti máa ń tóbi.

Kì í sì í ṣe àgbo nìkan ni ewu wà nínú rẹ̀. Òògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin, ilé-iṣẹ́ ló ṣe é, inú ìgò tó dára ló wà, àwọn ọmọ 84 ló sì pa ní ìparí 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009 nítorí májèlé kan tó wọ inú rẹ̀. Ẹ má ra òògùn ọmọ lórí kẹ̀kẹ́ tàbí nínú bọ́ọ̀sì, ì báà jẹ́ ti òyìnbó, ì báà jẹ́ ti ìbílẹ̀.

Wòlíì wa ní tí mo bá gbàgbọ́, kí n dá òògùn dúró.

Ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ ní Iléṣà, mi ò sì fẹ́ gbé e gba ẹ̀gbẹ́ kan. Ní 1930, ìsọjí Òkè-Ooyè tí Joseph Ayo Babalola darí kó ogunlọ́gọ̀ jọ sí ìlú yìí. Láti ìgbà náà, àwọn ìdílé wà tí wọ́n ti di ìwòsàn nípa àdúrà àti omi mú ṣinṣin, láti ìyá dé ọmọ-ọmọ. Èmi náà ń gbàdúrà. Mo ti bá òbí kúnlẹ̀ nídìí bẹ́ẹ̀dì rí, mo sì mọ okun tó ń fún wọn.

Ẹ pe wòlíì yín wá, ẹ pe àlùfáà yín wá, a ó fún wọn láyè. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n má gba ààwẹ̀ fún ọmọ, torí ọmọ tó ń ṣàìsàn nílò oúnjẹ. Kí wọ́n sì má sọ pé dídá òògùn dúró ni ẹ̀rí ìgbàgbọ́. Tí ọmọ bá ti wá kú, ìyá náà ni wọ́n á sọ fún pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ò tó, mo sì ti rí ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe fún ènìyàn. Omi àdúrà, omi odò Ọ̀ṣun àti hàntú, ẹ lè fi wọ́n sára ọmọ tí kò lójú egbò. Tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ mu ún, ẹ fi hàn wá ná. Omi tí a kò sè kò gbọ́dọ̀ wọ ẹnu ọmọ tó ń gba kímò. Ẹ bi wòlíì bóyá ẹ lè se omi náà kó tó gbàdúrà sí i. Gbogbo àwọn tí mo ti bẹ̀ báyìí ló gbà.

Ìyá ọkọ mi kò ní gbọ́. Òun ló ń dá àgbo náà.

Ẹ má bá a jà, ẹ mú un wá. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ ìyá àgbà tó ń ta kú lórí àgbo, kò sẹ́ni tó jókòó tì wọ́n láti ṣàlàyé. Ìyàwó ilé lásán ló ń gbé iṣẹ́ dókítà lọ fún wọn, ìyẹn ò sì ní iyì tó bẹ́ẹ̀ lójú wọn. Tí a bá kí wọn dáadáa, tí a pè wọ́n ní "Ìyá wa", tí dókítà fi àwòrán hàn wọ́n, tí ó ní "Ẹ̀yin lẹ tọ́ bàbá rẹ̀ dàgbà, a fẹ́ kí ẹ bá wa tọ́ èyí náà", ọkàn wọn máa ń rọ̀.

Kí ẹ sì wá iṣẹ́ fún wọn, torí ọwọ́ ìyá àgbà kì í fẹ́ dilẹ̀. Kí wọ́n máa po ẹ̀kọ tàbí ògì gbígbóná fún un, kí wọ́n máa fi òrí pa ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ (kì í ṣe ikùn tó wú), kí wọ́n máa ki oríkì rẹ̀ tí a bá fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́rin kan tó ń jà fitafita nígbàkúùgbà tí a bá fẹ́ wá iṣan rẹ̀. Ìyá àgbà rẹ̀ gbé e lé ẹsẹ̀, ó di orí rẹ̀ mọ́ àyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki í ní oríkì ìdílé wọn, ọmọ náà sì ń dáhùn ní gbogbo ibi tó yẹ kó dáhùn. A rí iṣan lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣé ohun mìíràn tún wà tó ń ṣiṣẹ́ tí kì í ṣe òògùn?

Ó wà, a kì í sọ ọ́ tó ni. Ìwádìí fi hàn pé fífa ọkàn ọmọ kúrò lórí ìrora máa ń dín ìrora abẹ́rẹ́ kù: àlọ́, orin, ayò, fídíò lórí fóònù. Ẹ kọ́ ọmọ tó ti gbọ́n díẹ̀ láti máa mí sínú, kó máa fẹ́ ẹ jáde bí ẹni ń fẹ́ iná. Fífi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ pa á lára máa ń jẹ́ kó sùn. Fún èébì kímò, òògùn èébì ni kó kọ́kọ́ lò. Tí ẹ bá fẹ́ fi atalẹ̀ díẹ̀ sí tíì rẹ̀, ẹ bi dókítà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan oyin. Aboniki àti irú rẹ̀ ta jù fún awọ ọmọ kékeré, ó sì ní májèlé tí ọmọ bá lá a.

Owó ti tán. Àgbo kò wọ́n tó kímò.

Mo mọ̀. Ìdí tó ń lé àwọn òbí sídìí àgbo jù nìyí, kì í ṣe àìmọ̀kan. Ẹ má kàn dáwọ́ dúró kí ẹ sì pòórá. Ẹ sọ fún dókítà pé owó ti tán kí ọjọ́ kímò tó ń bọ̀ tó pé, torí nígbà míì òògùn mìíràn wà tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò kan sì lè dúró ná. Ẹ bèèrè àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ìgbáyégbádùn aláìsàn. Iṣẹ́ wọn ni láti mọ ẹgbẹ́ àti ẹni rere tó ń ran ọmọ lọ́wọ́. Ẹ bèèrè ohun tí ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lè san. Kẹ́ ẹ sì ṣírò owó tó ń lọ sórí àgbo, wíwọ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, àti ohun ètùtù. Ó ya ọ̀pọ̀ ìdílé tí mo bá ṣírò rẹ̀ lẹ́nu.

Dókítà ní òògùn jẹjẹrẹ kò lè wò ó mọ́. Ṣé mo lè wá fún un ní àgbo báyìí?

Ẹ ń béèrè bóyá ohun kan ṣì wà tí ẹ lè ṣe fún ọmọ yín. Ó wà. Ìrora rẹ̀ ṣì ṣe é lé lọ. Mọ́fíìnì olómi wà tí ọmọ lè máa mu nílé. Kì í sọ ọmọ tó ń jẹ̀rora di ọ̀mùgọ̀ tàbí ajòògùn-yó tí a bá fún un bó ti yẹ. Èébì, àìróorunsùn, ẹnu tó bó, gbogbo rẹ̀ ló ní ìtọ́jú. Ẹ ní kí wọ́n so yín pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ṣe ìtọ́jú tó ń mú ara tu aláìsàn (palliative care).

Ní ti àgbo, tí ọmọ bá fẹ́ ṣíbí kan nínú èyí tí ìyá àgbà sè, tí kò mú un bì, tí kò mú un yàgbẹ́, mi ò ní já a gbà lọ́wọ́ yín. Ẹni tí mi ò fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ yín ni ẹni tó máa gbọ́ pé dókítà ti sọ̀rọ̀, tó máa wá sọ pé kí ẹ ta ilẹ̀ kí òun lè wò ó sàn. Irú wọn máa ń tètè gbọ́. Ẹ fi owó yẹn ra ohun tí ọmọ fẹ́ jẹ.

Àmì wo ni mo máa rí tí mi ò ní dúró gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni mọ́?

Ara gbígbóná lára ọmọ oníkímò tàbí ọmọ SS. Gìrì tó lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Èémí tó ń fà gidigidi tí egungun ìhà ń wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ní imú tàbí ẹran ìdí eyín tí kò dá. Ojú tó dédé pọ́n, ìtọ̀ tó dúdú bíi kóòkì, tàbí ìtọ̀ tí kò wá láti àárọ̀ di alẹ́. Ọmọ SS tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun lójijì, tí ikùn òsì rẹ̀ ga, tàbí tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ tó mu àgbo tó sì ń sùn tí kò ṣe é jí. Ì báà jẹ́ òru, ì báà jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ̀ka pàjáwìrì àwọn ọmọdé kì í tilẹ̀kùn, ní Ifẹ̀ àti ní Iléṣà.